Ẹ Wọn Púlì Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì

 Ẹlòmíràn nínú yín ti oko dé, ẹlòmíràn ti ọjà dé, ẹlòmíràn sì ti ìdí ọkọ̀ dé. Ẹ kò tíì fi omi ṣan ẹsẹ̀ kí ẹ tó gbé ìwé yín wá síbí. Ọlọ́run yóò sọ agbára yín di ọ̀tun o.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi wá. Ẹ máa ń sọ pé, "Tíṣà, a ti mọ a, b, d. A ti lè kọ orúkọ wa. A ti lè ka lẹ́tà. Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín tí ẹ tún ń kọ́ wa yìí, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ṣé a fẹ́ di akọ̀wé báǹkì ni?" Ìbéèrè náà dára. Lónìí, ìtàn ni a fẹ́ fi dáhùn. Ìtàn náà dá lórí ọkọ̀, bátìrì, àti ohun roboto kan tí a ń pè ní púlì. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, kí ó má ṣe sùn o. Gbogbo wa ni a ń wọ ọkọ̀ èrò.

Bátìrì mẹ́ta ní oṣù márùn-ún

Awakọ̀ kan wà nínú kíláàsì wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ jókòó síbí, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ó sì ń fi gbé èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ẹ̀kó. Oṣooṣù ni ó gbọ́dọ̀ san lára gbèsè náà. Àwọn méjì ni wọ́n ṣe onídùúró fún un, ojú rẹ̀ sì ni wọ́n ń wò.

Ọkọ̀ náà dára, ó sì ń sáré. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń ṣe é. Bí ó bá wà lójú ọ̀nà tí ó ń lọ geerege, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ó kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ẹ̀kó, tí ó tan iná iwájú, tí ó sì tan éésì kí ooru má pa àwọn èrò, iná iwájú náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Bí ó bá fi lè pa ẹ́ńjìnnì, ó parí! Kò ní gbà láti ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn èrò yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn, wọn yóò máa tì í, wọn yóò sì máa ṣépè.

Ó ra bátìrì tuntun. Kò pé oṣù méjì, bátìrì kú. Ó ra òmíràn. Òun náà kú. Rẹwáyà tí ń tún wáyà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe tú ẹ̀rọ iná ọkọ̀ náà palẹ̀, ó pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, síbẹ̀ pàbó ni. Nígbà tí bátìrì kẹta kú, awakọ̀ wa gba ilé ẹni tí ó tà á fún un lọ. Ó ní ayédèrú ni ó ń tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà búra pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọjà ọmọ ọlọ́mọ. Awakọ̀ wa ní bí ilẹ̀ bá mọ́, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò parí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ti jẹ ẹgbẹ́ ní owó oṣù méjì.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wá sí kíláàsì, ṣùgbọ́n kò ṣí ìwé rẹ̀. A bi í pé, "Bọ̀dá, kí ló dé?" Ó rò ó fún wa. Ẹnìkan ní bóyá ọwọ́ ayé ni. A ní kí wọ́n fi ayé sílẹ̀ ná. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Wọ́n sì tún ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A sọ fún un pé, "Ẹ má tíì dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ gbé ọkọ̀ náà wá síbí lọ́la. Ẹ mú rẹwáyà yín wá, ẹ sì bẹ ọmọkùnrin tí ń ta bátìrì náà kí ó wá."

Bí ọkọ̀ ṣe ń rí iná lò

Kí a tó dé ọ̀la, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí iná inú ọkọ̀ ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bátìrì ni ó ń pèsè iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kóló ni bátìrì. Ohun tí a bá fi sínú kóló ni a lè mú jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ni kí ó yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá fẹ́ gbéra. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ mìíràn ni ó ń pèsè iná. Òun ni àwọn rẹwáyà ń pè ní ọ́tánétọ̀. Ọ́tánétọ̀ ni òṣìṣẹ́ tí ń mú owó wálé. Ó ń bọ́ iná iwájú, ó ń bọ́ fáànù, ó ń bọ́ éésì, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù ni ó ń dá padà sínú kóló.

Ọ́tánétọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi bí ó bá ń yí. Ta ní ń yí i? Ẹ́ńjìnnì ni. Púlì kan wà níwájú ẹ́ńjìnnì, púlì mìíràn wà lórí ọ́tánétọ̀, bẹ́líìtì ni ó sì so wọ́n pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí, bẹ́líìtì á fa ọ́tánétọ̀ yí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ tí ó ní dáínámò rí, ẹ rántí bí fìtílà rẹ̀ ti máa ń ṣe. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí ẹ ń sáré, ìmọ́lẹ̀ á mọ́ kedere. Bí ẹ bá ń pọ́n òkè, tí ẹ ń fi agbára káká wà á, ìmọ́lẹ̀ á di bàìbàì. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Dáínámò kò bàjẹ́. Kò yí tó ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ́tánétọ̀ rí. Bí ó bá yí díẹ̀ jù, kò ní mú iná wá rárá. Bí ó bá kọjá nǹkan bí ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, iná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, yóò sì máa pọ̀ sí i bí ó ti ń yára sí i. Nígbà tí ó bá dé nǹkan bí ìgbà 6,000, ó ti ń sún mọ́ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹlòmíràn lè ní, "Bí ó bá wá yára jù ńkọ́, ṣé kò ní jó bátìrì?" Rárá. Olùṣọ́ kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí iná kọjá nǹkan bí fọ́ọ̀tì 14, bí olùṣọ́ náà kò bá ti bàjẹ́. Yíyára kọ́ ni ìṣòro awakọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́rọ ata

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn dé. Rẹwáyà mú mítà rẹ̀ wá. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó fi ọwọ́ tẹ bẹ́líìtì wò bóyá ó dẹ̀. Kò dẹ̀. Ó yẹ orí bátìrì wò bóyá wáyà rẹ̀ ti dípẹtà. Kò dípẹtà. Ó wá tan ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mítà ka 14.1. A ní kí ó tan ohun gbogbo: iná iwájú, fáànù, éésì. Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi dé 12.3. A ní kí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ináàsì díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yára, mítà sì padà sí 13.9.

Rẹwáyà mi orí. Ó ní, "Tíṣà, ọ́tánétọ̀ yìí kò bàjẹ́ o. Bí ó bá yára, ó ń ṣiṣẹ́."

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo wa, ó ń wo púlì. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà kan, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ mi ṣe bọ́ púlì ńlá lórí ẹ́ńjìnnì mi, ó fi kékeré sí i. Láti ọjọ́ náà ni ọlọ kò ti yára mọ́. Ẹ̀wà kò kúná, àwọn oníàkàrà sì ń bínú sí mi. Ẹ wo púlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí. Ó dàbí tuntun, irin ara rẹ̀ kò sì jọ ti àwọn yòókù. Ṣé òun ni ó bá a wá láti ilé iṣẹ́?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹwáyà sáré lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ó yá púlì irú ọkọ̀ náà wá, èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe. A gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí ẹni tí kò rí i pé ọ̀kan kéré sí èkejì.

Rúlà sọ òtítọ́

A pa ẹ́ńjìnnì, a yọ kọ́kọ́rọ́, a fi í sí àpò. Ẹ rántí èyí o: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì tàbí púlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó lè gé ìka, ó sì lè fa apá aṣọ ènìyàn wọlé.

Awakọ̀ wa fúnra rẹ̀ ni a fún ní rúlà. Ó wọ̀n láti etí kan púlì dé etí kejì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí:

Púlì ẹ́ńjìnnì ti ilé iṣẹ́: sẹ̀ǹtímítà 15.
Púlì ẹ́ńjìnnì tí a bá lára ọkọ̀: sẹ̀ǹtímítà 12.
Púlì ọ́tánétọ̀: sẹ̀ǹtímítà 6.

A ní kí ó fi púlì ọ́tánétọ̀ pín púlì ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó sórí òkúta, ó ṣe é:

15 ÷ 6 = 2½
12 ÷ 6 = 2

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, pẹ̀lú púlì ti ilé iṣẹ́, bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ́tánétọ̀ á yí lẹ́ẹ̀méjì àbọ̀. Pẹ̀lú èyí tí ó wà lára ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀méjì péré ni.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ká ní ó ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ di púpọ̀:

800 × 2½ = 2,000
800 × 2 = 1,600

Ẹ rí i pé ọ́tánétọ̀ ti pàdánù ìgbà 400. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Ẹ̀kó, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 3,000, ẹ wo bí ó ti rí:

3,000 × 2½ = 7,500
3,000 × 2 = 6,000

Méjèèjì ni ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà kì í fi í dá wàhálà sílẹ̀ bí ó bá ń sáré. Inú gosílóò ni àìsàn rẹ̀ wà.

Owó tí ń wọlé àti owó tí ń jáde

Ara ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ ni wọ́n ti kọ agbára rẹ̀ sí. Lára ti ọkọ̀ yìí, awakọ̀ wa ka 45/80A sókè ketekete. Lẹ́tà A yẹn ni ámpù, ìwọ̀n iná tí ń ṣàn. Lórí irú ọ́tánétọ̀ tí a kọ nọ́ńbà méjì sí báyìí, èyí tí ó kéré ni iná tí ó lè mú wá bí ó bá ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ó pọ̀ ni ti ìgbà 6,000. Nígbà tí ó bá yí ní ìgbà 2,000, yóò lé díẹ̀ ní 45. Nígbà tí ó bá yí ní ìgbà 1,600, kò ní pé 45. Ká fi í sí 38.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ìnáwó alẹ́ kan nínú gosílóò. Iná iwájú méjèèjì ń jẹ nǹkan bí ámpù 9. Fáànù rédíétọ̀ ń jẹ nǹkan bí 15. Fáànù éésì ń jẹ nǹkan bí 12. Ẹ̀rọ tí ń fa epo àti èyí tí ń tan epo nínú ẹ́ńjìnnì ń jẹ nǹkan bí 10. Ẹ rò ó pọ̀:

9 + 15 + 12 + 10 = 46

Ámpù 38 ń wọlé, 46 ń jáde. Mélòó ni ó kù? Ẹ dáhùn! Mẹ́jọ. Níbo ni mẹ́jọ náà yóò ti wá? Inú kóló ni. Bí ó bá pẹ́ wákàtí mẹ́ta nínú gosílóò, 8 × 3 = 24. Bátìrì rẹ̀ kò gbà ju 60 lọ. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń jí i kó báyìí, kò sì tíì kún padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Irú bátìrì wo ni kò ní kú? Bí ẹ bá gbé bátìrì wúrà sí i, yóò kú.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe irú púlì bẹ́ẹ̀?

Awakọ̀ wa bínú. Ó ní, "Ta ni ọ̀tá tí ó fi èyí sí ọkọ̀ mi?" A ní kì í ṣe ọ̀tá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti fi ọkọ̀ sáré ìdíje. Irú ìdíje kan wà tí kò ju ìdámẹ́rin máìlì lọ, nǹkan bí mítà 400. Ẹ́ńjìnnì wọn á máa yí ní ìgbà 6,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ pé ọ́tánétọ̀ kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan tí ó ń mú ámpù 70 jáde ń gba agbára tí ó lé ní ti ẹṣin méjì lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wá ń fi púlì kékeré sí ẹ́ńjìnnì kí ọ́tánétọ̀ àti àwọn ẹ̀rọ yòókù tí bẹ́líìtì ń fà má ṣe gba agbára púpọ̀. Underdrive ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Fún iṣẹ́ tiwọn, kò burú. Wọn kì í tan éésì nínú ìdíje, wọn kì í sì í jókòó sínú gosílóò fún wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kó èrò lálẹ́, kí ni ó fẹ́ fi agbára díẹ̀ náà ṣe? Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Púlì ìdíje, ọkọ̀ ìdíje. Púlì ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ èrò.

Ewu mìíràn sì wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì. Bí òun náà bá ń falẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè gbóná jù nínú gosílóò. Púlì tí ilé iṣẹ́ ṣe fún àwọn ẹ́ńjìnnì kan tún ní rọ́bà nínú tí ó ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Bí a bá yọ ọ́, tí a fi irin lásán rọ́pò rẹ̀, ó lè ba irin àárín ẹ́ńjìnnì jẹ́ nígbà tí ó bá yá.

Àtúnṣe

Ọmọ iṣẹ́ rẹwáyà bèèrè pé, "Ṣé a kò lè fi púlì kékeré sí ọ́tánétọ̀ ni, kí ó lè yára?" Ó gbọ́n. Bí a bá fi ti sẹ̀ǹtímítà 4.8 sí i, 12 ÷ 4.8 yóò padà di 2½. Ṣùgbọ́n bí púlì bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí bẹ́líìtì ti dì í mú ń dín kù, bẹ́líìtì sì lè máa yọ̀. Pẹ̀lú èyí, ẹ̀rọ omi yóò ṣì máa falẹ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí a dá púlì ti ilé iṣẹ́ padà, pẹ̀lú bẹ́líìtì tí gígùn rẹ̀ bá a mu.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n gba iná sí bátìrì náà dáadáa, wọ́n gbé e padà. Nígbà tí wọ́n tan ohun gbogbo, tí ọkọ̀ dúró sójú kan, mítà ka 13.7. Bátìrì kẹta tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, òun ni ó ṣì wà nínú ọkọ̀ náà títí di òní.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ó wù wá jù kọ́ ni ti iná yẹn. Awakọ̀ wa dìde níwájú gbogbo wa, ó lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta bátìrì, ó ní, "Àbúrò, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán." Ní ọjọ́ Àìkú, awakọ̀ wa lọ sí ibi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó rò ó fún àwọn onídùúró rẹ̀, wọ́n sì fún un ní àyè láti máa san èyí tí ó jẹ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó ti san án tán báyìí.

Owó bátìrì mẹ́ta, owó rẹwáyà, oṣù méjì gbèsè, àti orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́: rúlà kan àti pínpín méjì ni ó yanjú gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn wa sí ìbéèrè yín nìyẹn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí. Púlì ẹ́ńjìnnì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14, púlì ọ́tánétọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà mélòó ni ọ́tánétọ̀ ń yí? Kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta sì wọn púlì tirẹ̀ méjèèjì, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó mú un wá. Bí rúlà kò bá ráyè wọlé, ẹ fi okùn ìwọ̀n télọ̀ yí púlì kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ sì pín ńlá pẹ̀lú kékeré. Ìdáhùn náà kò ní yàtọ̀.